Àìsàn Ìfun Tí A Máa Ń Pè Ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ìlera bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní àdúgbò ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, Ìkòròdú



Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń sáré lọ sí ilé ìgbẹ́, àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí ó lọ mu àgbo. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ṣùgbọ́n àìsàn kan tún wà, nínú èyí tí ìfun fúnra rẹ̀ ń wú, tó ń dégbò, fún ọ̀pọ̀ oṣù àti ọdún. Oríṣi méjì tó gbajúmọ̀ ni ulcerative colitis, tí ń bá ìfun ńlá jà, àti Crohn's disease, tó lè mú ibikíbi láti ẹnu dé ihò ìdí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é ní àìsàn òyìnbó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2012, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà kọ̀wé jáde lórí àwọn aláìsàn tí wọ́n rí.

Kí ni ó ń fà á? Ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbé inú ìfun ńlá wa. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá; òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ń jẹ èèpo ẹ̀wà, èèrí àgbàdo àti okùn inú ẹ̀fọ́ tí kì í dà nínú ikùn, wọ́n sì ń fi í ṣe butyrate, èyí tí ara ìfun fi ń lágbára. Ara ní ọlọ́dẹ tirẹ̀ náà, bí ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Nínú àìsàn yìí, àwọn kòkòrò rere dín kù, ògiri ìfun kò dí dáadáa mọ́, ọlọ́dẹ sì ń na òṣìṣẹ́ bí ẹni ń na olè. Ọgbẹ́ ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Kì í ṣe kòkòrò nìkan o: àjogúnbá wà níbẹ̀, oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Àìsàn náà kì í ràn.

Ní ti oúnjẹ, àbájáde ìwádìí kan jáde ní ọdún 2015. Wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ 20 aláwọ̀ dúdú ará Pittsburgh ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ti 20 ará abúlé ní South Africa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ara gbogbo wọn le. Àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Àwọn ará abúlé jẹ ẹran ọlọ́ràá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, wíwú ìfun dín kù lára àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì pọ̀ sí i lára àwọn ará abúlé. Àwa tí a ń fi búrẹ́dì funfun àti ẹlẹ́rìndòdò ṣe oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ohun mẹ́rin ni a ń bẹ̀ yín sí.

Èkínní, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́. Bí ẹ bá rí i, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ tí ara sì ń rù, ẹ lọ sí General Hospital Ìkòròdú. Wọ́n á yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ó bá yẹ, wọ́n lè fi yín ránṣẹ́ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Èkejì, ẹ yé ra Flagyl àti tetracycline lò fúnra yín. Wọ́n ń pa kòkòrò rere mọ́ búburú.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfun rẹ̀ ti ń wú kí ó kọ́kọ́ bi dókítà, nítorí oúnjẹ tó ní èèpo lè ni ín lára.

Ẹ̀kẹrin, oògùn àìsàn yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ó ń mú kí àìsàn rọlẹ̀, kí èèyàn lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí a bá dá a dúró nítorí owó, àìsàn á tún gbéra. Ẹni tí owó oògùn bá wọ̀ lọ́rùn kí ó tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Owó tí à ń yá lẹ́gbẹ́ kì í ṣe fún aṣọ ẹbí nìkan.

Ara líle la fi ń dá owó ẹgbẹ́.