Sùúrù Alájọ àti Ìkánjú Owó Orí Fóònù

Ní ọjà Òyìngbò ní Èbúté Mẹ́ta, obìnrin tí ó bá ń dá ₦1,000 lójoojúmọ́ fún alájọ yóò ti dá ₦30,000 nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé. ₦29,000 ni alájọ yóò kà lé e lọ́wọ́, nítorí pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ ti alájọ. Àlejò lè béèrè pé irú òwò wo ni èyí tí owó ń dín kù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà mọ ohun tí ó ń rà: ó ń san ₦1,000 kí ọwọ́ ara rẹ̀ má baà kan ìyókù kí ọjọ́ tó pé. Sùúrù ni ó ń fi owó rà.

Ní ìsinsin yìí, ọjà mìíràn wà tí kì í tú tọ̀sán tòru, inú fóònù ni ó sì wà. Owó kirípítò ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Bitcoin ni àgbà wọn. Ọdún 2009 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba kankan kò tẹ̀ ẹ́ jáde, ọwọ́ kò sì lè dì í mú. Àkọsílẹ̀ ni, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jákèjádò ayé jọ ń tọ́jú. Kì í ṣe ayédèrú, owó gidi ni àwọn ènìyàn fi ń rà á. Bí iye rẹ̀ ṣe ń fò sókè tí ó sì ń já wálẹ̀ ni ó yẹ kí olówó kékeré fi etí sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ẹyọ kan rẹ̀ ju dọ́là 68,000 lọ. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó já sí ìsàlẹ̀ dọ́là 16,000. Mẹ́rin di ọ̀kan tí kò pé láàárín ọdún kan. Lóòótọ́ ni ó tún gòkè, tí ó sì kọjá dọ́là 100,000 ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kì í dúró de ọmọ fún ọdún méjì kí bàbá rẹ̀ tó san owó.

Èyí tí ó burú jù ni sogúndogójì tí ó gbé aṣọ kirípítò wọ̀. MMM, tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀, ti wó ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọdún 1994 kí ó tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2015 pẹ̀lú ìlérí èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, èyí tí ó ní òun ń fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà ta owó kirípítò, tí owó yóò sì di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ó tún ní kí wọ́n san dọ́là 100 tàbí 200 kún un kí wọ́n tó lè gba tiwọn. Ní Òkè Àdó, ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n kó àga àti ẹrù tí ó wà níbẹ̀. Àga kì í sì í ṣe owó.

Ìṣirò ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dá ènìyàn dúró. Ẹ mú ₦10,000, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lóṣooṣù. Nígbà tí oṣù méjìlá bá pé, ó ti di ₦40,960,000. Ní oṣù ogún, ó ti ju bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ. Oko kòkó wo ni ó so irú èso bẹ́ẹ̀ rí?

Kí ni ó wá dé tí àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá ń wọ inú rẹ̀? Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé ń gba owó ní tòótọ́, láti inú owó àwọn tí ó wọlé tẹ̀lé wọn. Nítorí náà ẹlẹ́rìí tí ó wá ròyìn kò purọ́. Àbúrò ẹni ni, tàbí ọmọ ìjọ ẹni, ó sì ti fi owó náà ra fíríìjì. Ní ilé tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé, gbogbo wọn ni yóò rí fíríìjì náà. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Èbúté Mẹ́ta, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà ní báńkì, yóò máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀ pé bàbá ń sùn lé owó lórí. Ó rọrùn láti kọ̀ fún àjèjì. Láti kọ̀ fún ọmọ ẹni fún oṣù mẹ́fà, nígbà tí aládùúgbò ń jèrè lójú ẹni, iṣẹ́ gidi ni. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní láti ti pinnu kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé owó ilé-ẹ̀kọ́, owó oògùn, owó ilé àti owó òwò kò gbọdọ̀ wọ inú fóònù. Ọ̀dọ́ tí ó bá ní owó tí ebi kò ní pa ẹnikẹ́ni bí ó bá sọnù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn kan ń wí pé owó tí ó jókòó ń jẹrà, òótọ́ ni wọ́n sì wí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìròyìn ìjọba fi hàn pé ọ̀wọ́n ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Sùúrù kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn fi owó sábẹ́ ìbùsùn. Oníṣòwò lè fi ra ọjà tí kì í tètè bàjẹ́ nígbà tí ó bá pọ̀. Láti ọdún 2017 ni Ìjọba Àpapọ̀ pẹ̀lú ti ń ta ìwé ẹ̀yáwó fún mẹ̀kúnnù; ₦5,000 tó láti bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ó sì ń san èlé. Èlé náà kò pọ̀, ọ̀wọ́n ọjà a sì máa borí rẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Òfin ti yí padà pẹ̀lú. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn oníṣòwò kirípítò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó dẹ àṣẹ náà. Òfin ìdókòwò ti ọdún 2025 wá fi owó yìí sábẹ́ àjọ SEC, ó sì ka sogúndogójì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ẹni tí ó dá a sílẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ lè béèrè lọ́wọ́ SEC bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà nínú ìwé wọn. Kí ó béèrè kí ó tó san kọ́bọ̀ kan, kí ó sì dúró de èsì, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ fún un pé ọ̀la ni ààyè yóò kún.