Nígbà tí Aago Àgbá Ìpakà bá ń Purọ́



Ní ìkórè tí ó kọjá, ẹ̀rọ ìkórè tí a háyà wọ oko àgbàdo wa. Aago tí ń fi eré àgbá ìpakà han awakọ̀ ṣàdédé lọ sílẹ̀. Awakọ̀ rò pé àgbá náà ń falẹ̀, ó sì fi kún eré rẹ̀. Irọ́ ni aago ń pa. Kí a tó mọ̀, púpọ̀ nínú àgbàdo náà ti fọ́. Àwọn oníbàárà kọ̀ ọ́, kòkòrò sì tètè dé inú àká, nítorí ọkà tí ó fọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Àwọn kan ní kí a lé awakọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ.

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìyípo bí 500 ní ìṣẹ́jú kan tó fún àgbàdo. Àlìkámà lè fẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìwé ẹ̀rọ ni yóò sọ iye náà gan-an. Ojú kékeré kan tí ó ní irin òòfà nínú ni ó ń ka ìyípo yìí. Bí eyín irin ara ọ̀pá àgbá ti ń kọjá níwájú rẹ̀, ó ń fi àmì iná ránṣẹ́ nínú wáyà, aago sì ń kà á.

Bí aago bá ṣe àìsàn, kí a kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí a yọ kọ́kọ́rọ́, kí a sì dúró títí ohun gbogbo yóò fi dákẹ́. Lẹ́yìn èyí:

Èkíní, kí a wo bẹ́líìtì. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ọkà pọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ nìkan ni aago ń lọ sílẹ̀, tí ìró ẹ̀rọ náà sì ń yí padà, òtítọ́ ni aago ń sọ. Bẹ́líìtì ni ó ń yọ̀.

Èkejì, kí a nu ìdọ̀tí kúrò lójú tí ń kà á, kí a sì wò ó bóyá àlàfo tí ó wà láàrin rẹ̀ àti eyín irin bá ti inú ìwé mu.

Ẹ̀kẹta, kí a tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Eku a máa jẹ ẹ́; ìpàtà a sì máa mú ojú ìsopọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ojú tí ń ka ìyípo fáànù bá jẹ́ irú kan náà, kí a pààrọ̀ wọn. Bí àìsàn bá bá a lọ sí ọ̀dọ̀ fáànù, ojú náà ni ó kú. Bí ó bá dúró sí ibi tí ó wà, wáyà tàbí aago ni kí a wò.

Lóko wa, wáyà tí eku jẹ ni. A kò lé awakọ̀ mọ́. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní òkè òkun, bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé ìwé rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó rí ẹni tí yóò bi.