Àmáánà Ni Ohun Inú Ilẹ̀

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́,

Lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì sólà wà nínú ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wa. Wíwà á kì í ṣe èèwọ̀. Súrà kan nínú Àlùkùránì ń jẹ́ Hadíìdì, irin. Ìwàkuwà ni ewu. Ní ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 2024, ohun abúgbàmù bú ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ẹ̀mí lọ. Gómìnà Mákindé ní àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó o pamọ́ sílé.

Ẹ̀yin onílé, onílẹ̀, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ kí ẹ tó gbowó. Òfin ọdún 2007 ní kí awakùsà bá ará ìlú ṣàdéhùn, kó sì tún ilẹ̀ ṣe. Kòtò tí a ò dí, ọmọ ta ni yóò jìn sí i? Ọlọ́hun yóò bi wá o.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Àmín.