Gọ́tà Tí A Kó, Tí Òjò Tún Dí

 

Gọ́tà tí a kó lọ́jọ́sí, gbogbo wa la mọ bó ṣe parí. Àwa ọ̀dọ́ wà nínú ẹrẹ̀ láti àárọ̀, a kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn tó ń bójú tó owó rò pé ọjọ́ kejì ni, wọn ò tíì san owó típà. Àwọn ìyá wa lọ́jà ò gbọ́ rárá, wọ́n ti pàtẹ síbẹ̀. Òjò rọ̀ lóru, gbogbo ẹrẹ̀ padà sí gọ́tà. Kò sí ọ̀lẹ nínú wa o. (Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí!) Oníkálukú ṣe tiẹ̀, àmọ́ kò mọ ibi tí ẹnìkejì báṣẹ́ dé.

Ẹ wo àwọn alápatà Ìpàta níbí. Ẹni tó dúńbú màlúù kọ́ ló ń bó o, ẹlòmíì ló ń fọ ṣàkì, alábàárù ń dúró, àwọn ìyá ẹlẹ́ran náà ń dúró. Kí oòrùn tó mú, ẹran ti wà lórí tábìlì. Wọ́n ń rí ara wọn ni. Bí ọ̀kan bá fi falẹ̀, àwọn yòókù á pariwo lójú ẹsẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá wá tóbi tí a ò lè rí ara wa ńkọ́? Ẹ rántí Ebola tó wọ Èkó lọ́jọ́ 20 oṣù Keje, 2014. Àwọn kan ń tọ́jú aláìsàn, àwọn kan ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn kan ń kéde, àwọn kan ń wá ẹni tó fara kan aláìsàn. Dókítà Faisal Shuaib, tó wá látinú iṣẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀, ni olórí, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣèpàdé. Èèyàn 894 ni wọ́n ṣọ́, ìgbà bíi 18,500 ni wọ́n lọ wò wọ́n. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Olórí kan ṣoṣo! Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń bẹ̀rù tiwa. Ẹ má bínú o, ẹ̀yin bàbá wa, a lè fi oṣù kan jà lórí àga.

Ohun tí ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: ẹnì kan látọ̀dọ̀ ọ̀dọ́, ọ̀kan látọ̀dọ̀ àwọn tó ń mówó, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyálọ́jà, ọ̀kan látọ̀dọ̀ alápatà. Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, kí wọ́n rí ara wọn lẹ́yìn ìrun Mọ̀ngáríbà: kí ló parí, kí ló kù, ta ló ń dúró de ta? Ṣọ́bìrì kankan ò sì ní wọ gọ́tà títí típà á fi dé. Ẹ fún wa lórúkọ wọn kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó pé.