Bí A Bá Fẹ́ Ta Ilé ní Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé títa. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, aṣọ ni mò ń tà. Ṣùgbọ́n mo ti ta ilé rí n'Íbàdàn níbí, ilé kékeré tí mo fi owó ọjà kọ́, ojú mi sì rí nǹkan.

Oṣù keje ni mo kọ́kọ́ pariwo pé mo fẹ́ tà á. Òjò ń rọ̀, ọ̀nà àdúgbò di ẹrẹ̀, mọ́tò ò lè wọlé. Ẹni tó bá wá á wo ògiri tó tutù, á yọ ṣùtì, á sì dá iye tó wù ú. Owó yunifásítì ọmọ mi ń lé mi, díẹ̀ ló kù kí n gbà. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ yìí ló pè mí: "Ọmọ mi, má tà á ní ìtàkutà. Yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí o dúró de ẹ̀ẹ̀rùn."

Mo yá a. Kí òjò tó dá, mo ti to ìwé mi jọ: rìsíìtì ilẹ̀, ìwé sọ́fè, gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré o. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó ní C of O tó bá fẹ́ tà, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà. Bó bá sì jẹ́ ilé ẹbí, ẹnìkan ò lè dá a tà. Olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí kóòtù má baà tú ọjà náà ká.

Nígbà tó di oṣù kìíní, ilẹ̀ gbẹ, mo kun ilé, ó ń dán. Oníbàárà kan dé, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ mi yọ́ sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ẹ má dárúkọ omi o." Ẹ̀yin ará, tí òjò bá pọ̀, omi máa ń dé ẹ̀yìnkùlé yẹn. Mo rántí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí àgbàrá gbé èèyàn àti afárá lọ n'Íbàdàn. Ṣé kí n fi irú ẹ̀ pamọ́ fún ọmọ ẹlòmíràn? Mo mú ọkùnrin náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi ibi tí omi ń dé hàn án lára ògiri.

Ó dákẹ́. Ó yọ díẹ̀ nínú owó, pé òun á fi la gọ́tà. Síbẹ̀, iye tó san ju ti oṣù keje lọ dáadáa. Mo san owó ẹgbẹ́, ọmọ mi parí ìwé. Títí dòní, tí òjò bá ń rọ̀ lóru, mò ń sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tà, ẹ dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ òjò. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ wá wò ó, ẹ bi àwọn aládùúgbò bí ibẹ̀ ṣe ń rí ní oṣù kẹsàn-án.

Ẹgbẹ́ wa ò ní tú o. Àṣèyí ṣàmọ́dún.