Bí A Bá Ti Fi Iṣẹ́ Abẹ Gbé Ọmọ Rí
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ àwọn ìyá sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Sapele Road, Ìbíní)

  

Ọ̀rọ̀ ilé ni a mú wá. Nígbà tí a bá lọ kí abiyamọ tí a sì gbọ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ, ohùn wa a máa yí padà, bí ẹni pé obìnrin náà kò bímọ. Ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú ìwà yìí. Kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ, òun ni àwọn baba wa ń tọrọ. Wọn kò bèèrè ọ̀nà tí ọmọ gbà jáde.

Ìtìjú yìí ni ó ń mú kí obìnrin tí ó ní àpá sá fún ọsibítù nígbà tí oyún mìíràn bá dé. Yóò gba ilé agbẹ̀bí tàbí ilé àdúrà lọ, kí a lè sọ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó bí i. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ní ọdún 1916, Edwin Cragin, dókítà ní New York, kọ ọ́ pé ẹni tí a bá fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ abẹ náà ni títí lọ. Láyé ìgbà náà, òòró ni wọ́n ń la ilé-ọmọ. Lónìí, ìbú ni wọ́n sábà ń là á, ní ìsàlẹ̀, àpá ibẹ̀ sì lágbára ju ti òòró lọ. Nítorí náà, nínú 100 obìnrin tí ó ní irú àpá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì gbìyànjú àtibí fúnra wọn lábẹ́ ìtọ́jú dókítà, nǹkan bí 72 sí 75 ni ó ń bí i. Ẹni tí ó ti fi ojú ara bímọ rí tún ní ìrètí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 200, àpá ẹnì kan a máa ya. Bí ó bá ya, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà sínú, ọmọ kò sì ní rí èémí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Ní ọsibítù, ọ̀bẹ wà, ẹ̀jẹ̀ wà, dókítà wà. Ní ilé agbẹ̀bí ńkọ́?

Ẹni tí a la ilé-ọmọ rẹ̀ ní òòró, ẹni tí ilé-ọmọ rẹ̀ ti ya rí, àti ẹni tí olóbì ọmọ dí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má dán an wò. Ẹni tí a ti ṣe é fún lẹ́ẹ̀mejì, kí ó jẹ́ kí dókítà àgbà yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò dáadáa. Kí a má sì wo awọ ikùn sọ̀rọ̀ o: àpá ìta kì í sọ bí àpá inú ti rí. Ìwé ọsibítù ni ó ń sọ ọ́.

Èyí kan àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ gidigidi. Ìlọrin ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀kan nínú wa. Ìwé rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wọ mọ́tò lọ mú un wá. Àpá ìbú ni, ìyàwó náà sì fúnra rẹ̀ bímọ ní ọsibítù. Ìwé ti ẹnì kejì fi òòró hàn. Dókítà dá ọjọ́ fún un, ó lọ, ó bọ̀. A bá àwọn méjèèjì sọmọ lórúkọ. Oyin kan náà ni a fi tọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́nu.

Nítorí náà, a ní ẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Kí abiyamọ sinmi tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí ó tó tún lóyún. Kí ó tètè forúkọ sílẹ̀, kí ó sì fi ìwé rẹ̀ hàn. Kí ó má mu àgbo tí ń mú ìrọbí yá, kí ó má sì gba abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé olóògùn: ó lè fa àpá ya. Bí oṣù bá ti wọlé, kí ó má gba ọ̀nà Òrè lọ bá ìyá rẹ̀. Kí ìyá ni ó wá bá a níhìn-ín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, bí àpá bá ń dùn ún láìdáwọ́ dúró, tàbí bí ọmọ kò bá yí mọ́, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fi owó iṣẹ́ abẹ pamọ́ bí ẹ tilẹ̀ ń retí àbíwẹ́rẹ́. Ẹ wá ẹni méjì tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ ṣáájú, nítorí láti Sapele Road dé ọsibítù yunifásítì ní Ugbowo, Ring Road wà láàárín, ẹ sì mọ bí ibẹ̀ ti ń dí. Bí dókítà bá sì ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé, ẹ má ní ẹ ń dúró de ẹbí láti ilé.

Àwa ìyá yóò máa tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rù bá ń bà lọ sí ọsibítù. Ẹ kàn sí wa. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kò ní di ọjọ́ ẹkún fún wa o. Àṣẹ.