Àmì Funfun Tó Ń Kù Lẹ́yìn Wáyà Eyín

Láyé àtijọ́, ẹni tó ní èjí kì í wá ẹni tí yóò bá a pa á dé; ẹwà ni. Lónìí, àwọn ọmọ wa ń lọ sí Àjàṣẹ́, Kútọnu tàbí Èkó láti fi wáyà to eyín. N kò bá wọn jà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ wáyà ọ̀hún, eyín ti tò gún, ṣùgbọ́n àmì funfun lè ti wà lára rẹ̀. Ìyá ọmọ á ní dókítà ló ba eyín ọmọ òun jẹ́.

Ẹ wo eyín náà dáadáa. Ojú ibi tí wọ́n lẹ irin kékeré tó di wáyà mú mọ́ ń dán, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ irin ni funfun wà, pàápàá níhà erìgì, bí ọgbà tó yí ilé ká. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ń há sí. Kòkòrò inú ẹnu ń jẹ ṣúgà, ó ń tu omi kíkan jáde, omi kíkan náà sì ń fa kálísíọ́ọ̀mù yọ lábẹ́ èèpo eyín. Láàárín oṣù kan péré ó lè ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá ṣófo báyìí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, òun la fi ń rí i ní funfun. Bí eyín bá gbẹ, á túbọ̀ hàn. Bí itọ́ bá rin ín, á dín kù díẹ̀.

Kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ má fi eérú tàbí èédú ha á. Ti osàn wẹ́wẹ́ tilẹ̀ burú jù: omi kíkan lẹ tún ń dà lé omi kíkan.

Funfun mìíràn wà tí kò bá wáyà tan. Ní agbègbè Ìdáàṣà ní Bẹ̀nẹ̀, èròjà fluoride inú omi àwọn kànga kan ju mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààlà. Ọmọ tó ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ nígbà tí eyín àgbà rẹ̀ ṣì ń dàgbà nínú erìgì, eyín náà á ti inú wá pẹ̀lú àbàwọ́n, ọ̀tún bí òsì. Dókítà tó bá mọṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọmọ ti dàgbà.

Ìtọ́jú ńkọ́? Sùúrù ló ṣáájú. Itọ́ fúnra rẹ̀ ń dá kálísíọ́ọ̀mù padà. Kí ọmọ máa fi ọṣẹ ìfọyín oní-fluoride fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó dín ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kù. Láàárín oṣù mélòó kan, púpọ̀ nínú àmì wọ̀nyí á rẹlẹ̀. Ẹ má sáré lo fluoride líle lójú eyín iwájú: ó lè dí òde pa, kí funfun kù sínú. Ẹ má sì tíì ra oògùn tó ń sọ eyín di funfun.

Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ, iṣẹ́ kan wà tí àwọn ará Jámánì gbé jáde, tó dé ọjà lọ́dún 2009. Dókítà á fi ásíìdì fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, á fi ọtí gbẹ ẹ́, á da oje resin sí i kó wọnú ihò wẹ́wẹ́ náà, á sì fi iná aláwọ̀ búlúù mú un le. Ìmọ́lẹ̀ á tún kọjá nínú rẹ̀ bí ti eyín gidi. Kò sí lílu, kò sí abẹ́rẹ́. Kì í ṣe gbogbo àmì ló ń parẹ́ pátápátá o.

Ẹni tí wáyà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi kù sí. Orín ata dára, èmi náà ń rin ín, ṣùgbọ́n kò lè wọ abẹ́ wáyà. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tó ń kọjá láàárín irin. Bí dókítà bá rí i pé ọmọ kò lè fọ ibẹ̀ mọ́, ó lè yọ wáyà kí iṣẹ́ tó parí. Bó bá dábàá rẹ̀, ẹ má bá a jà.